Bí Mo Ṣe Tọ́jú Éésì Wa De Ìgbà Òtútù

Mo fẹ́ fọ́nnu díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè. Ní gbogbo àdúgbò wa ní ìlú Vršac nítòsí Romania, láti ìdí òkè tí wọ́n ń gbin àjàrà sí títí dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, kò sí ilé kan tó wọ inú òtútù ọdún yìí bíi tèmi. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó wá wo ẹ̀yìn ilé mi. Èmi Milunka, opó Radivoj, ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí mò ń sun tàtàṣé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni, ìgbà tí gbogbo àgbàlá ń rú èéfín, tí olúkúlùkù obìnrin ń sun tàtàṣé, tó ń bó o, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń dín in nínú òróró títí yóò fi di ajvar tó máa rọ sínú ìgò. Ọwọ́ mi pupa dé ìgúnpá, omi ń dà lójú mi, ni fóònù dún. Bogdan ọmọ mi ni. Òun nìkan ni mo bí. Novi Sad ni òun àti Sanda ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ń gbé, nínú ilé alájà kan tó jẹ́ pé kí èèyàn tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò ti gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe níta.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti ń sun ata?"

"Ata ló ń sun mí. Kí lò ń fẹ́?"

"Ṣé mi ò lè kàn pè láti kí yín ni?"

"Ọjọ́ tó o bá kàn pè láti kí mi, Sanda ló máa ń rán ẹ létí. Sọ̀rọ̀, ata mi ń jóná."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ti ń rò ó. Ó ní òtútù ń bọ̀, Bàbá ò sì sí mọ́. "Ta ló máa la igi? Ta ló máa gun òrùlé lọ gbá ihò èéfín? Ta ló máa kó ewé kúrò nínú páànù tó ń gba omi òjò? Bàbá ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ti éésì tó ń mú ilé tutù tún wà níbẹ̀. Àwọn tó wá gbé e sí i sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú èyí tó wà níta kí yìnyín tó dé, tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tí ooru bá dé. Màmá, ẹ wá lo òtútù lọ́dọ̀ wa. A ní yàrá."

"Mo mọ̀ pé ẹ ní yàrá. Àpótí bàtà tóbi jù ú lọ."

"Mi ò bá yín ṣeré."

"Tí mo bá wá ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra mi ńkọ́?"

 Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń mí tó bá fẹ́ gbà fún mi ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí n mọ̀. "Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ Dimitri Mímọ́ ni mò ń bọ̀. Tí mo bá dé tí gbogbo nǹkan wà létòlétò, ẹ jókòó sílé yín. Ṣùgbọ́n tí éésì yẹn bá wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ẹ máa bá mi wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣé ẹ gbà?"

Mo gbà. Mo ti gbà kí n tó mọ ohun tí mo gbà. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wá gún mi lọ́kàn. Dimitri Mímọ́ ni ẹni mímọ́ ilé Radivoj. Ọjọ́ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ni gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ń wá láìjẹ́ pé a pè wọ́n, ọjọ́ náà ni òtútù ń wọlé, alẹ́ ọjọ́ náà sì ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ sùn sílé ara rẹ̀. Ẹni tó bá sùn síbòmíràn lálẹ́ yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn ni yóò máa sùn títí ọdún yóò fi yípo. Ìyá mi gbà á gbọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Àlejò nínú ayé ara mi ni ọmọ mi fẹ́ fi mí ṣe, inú sì bí mi gan-an.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún Bogdan. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn iṣẹ́ tó dárúkọ yẹn tí Radivoj ṣe fún bí ọdún mélòó kan kó tó kú. Àìsàn àyà ti mú un. Kò lè gun àtẹ̀gùn iwájú ilé láìdúró mí. Èmi ni mò ń la igi. Èmi ni mò ń gun òrùlé, màá so aṣọ mọ́ra bíi ti ọkùnrin, màá sì máa gbàdúrà pé kí obìnrin kankan má kọjá. Ṣùgbọ́n bí Bogdan bá ti pè, Radivoj á gba fóònù lọ́wọ́ mi, á ní, "Mo ti la igi tán, ọmọ mi. Mo gun òkè láàárọ̀, ihò èéfín mọ́ tónítóní." Èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi á lé ròrò, n kò sì ní sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oko àjàrà, ohùn nìkan ló kù tó ṣì le lára rẹ̀. Ṣé kí n gba ìyẹn náà ni? Kí Àjíǹde tó dé lọ́dún yìí ni ó kú. Kò sí bí mo ṣe lè wá máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ń parọ́ fún un lórí fóònù.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu mi ṣe dì. Gbogbo iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dunjú, orúkọ Radivoj ló wà lórí wọn, mo sì fẹ́ kó wà níbẹ̀. Éésì nìkan ló yàtọ̀. Nínú ooru ọdún yìí ni Bogdan rà á, lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ooru mú débi pé àwọn adìẹ ń yanu. Radivoj ò rí i rí. Tí mo bá tọ́jú ohun yẹn de òtútù, kò sí ẹni tó lè sọ pé Bàbá ló ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí Bogdan rí mi.

Èyí tó wà nínú ilé kò ní wàhálà, ara ògiri ló wà, mo máa ń nù ún bí mo ṣe ń nu àwòrán. Èyí tó wà níta ni baba ìṣòro. Àpótí irin ńlá kan ni, orí búlọ́ọ̀kù méjì ló jókòó sí lẹ́yìn ilé lábẹ́ àjàrà wa, fáànù wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó tò bí eyín ìyarun. Gbogbo ewé àjàrà tó bá jábọ́, ibẹ̀ ló ń lọ.

Spasoje tó ń gbé ní ilé kejì ló kọ́kọ́ yọjú. A jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbàálá mi tí kò ní ti orí ọgbà wò ó. Òun náà ní éésì.

"Milunka, fi í sílẹ̀, mo máa bá ẹ ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Kọfí nìkan ni kó o fún mi."

"Kọfí wà. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mi."

"Ohun oníná ni o. Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀."

"Spasoje, nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́, ta ló ń bá ẹ ṣe ìṣirò?"

"Ìyẹn ti pẹ́."

"Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Orí tó ń ṣe é ṣì wà lọ́rùn mi."

Ó lọ. N kò lè jẹ́ kó ṣe é. Bí Spasoje bá ṣe é, tàbí tí mo bá pe oníṣẹ́ ọwọ́ kan, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Bogdan á jẹ́ pé mi ò lè dá ilé gbé. Mo dúró níwájú àpótí náà, mo sì ń wò ó bí ẹni wo ọmọ tí wọ́n gbé wá bá èèyàn tọ́.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe, ẹ má sì rò pé èmi nìkan ló máa ṣe irú rẹ̀ ní ìlú wa. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun tí a ń bẹ̀rù ju ibà lọ ni promaja, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó gba ojú fèrèsé kan wọlé tó sì gba ìkejì jáde. Promaja ló ń mú ọrùn le. Òun ló ń mú etí ro, òun ló ń mú ìdí dun obìnrin. Nínú bọ́ọ̀sì, ooru lè mú kí èèyàn máa yọ́, bí wọ́n bá ṣí fèrèsé méjì, ìyá àgbà kan á pariwo pé wọ́n fẹ́ pa òun. Bí mo ṣe wá wo àpótí yìí, tí mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, iwájú rẹ̀ ṣí, tí atẹ́gùn ń gbà á kọjá bó ṣe wù ú, ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé inú promaja ni nǹkan yìí ń gbé. Ta ni yóò wà nínú promaja láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta tí kò ní ṣàìsàn?

Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo da omi sí i láti òkè délẹ̀. Kí omi tó gbẹ lára rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa mú un níhòòhò, mo fi aṣọ ìbora àtijọ́ kan tó nípọn wé e, mo wá fi ọ̀rá ńlá tí mo máa ń ta sórí irúgbìn ata wé e lé e lórí, mo so okùn yí i ká láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ ò hàn, imú rẹ̀ ò hàn. Mo dúró, mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Inú mi dùn.

Spasoje yọ orí lókè ọgbà. "Ìyá Bogdan, kú ewu ọmọ o. Akọ ni àbí abo?"

"Akọ ni. Ó jọ ẹ́. Orí ẹ̀ ṣófo, ariwo ló ń pa."

"Ṣé o ti fún un lọ́mú?"

"Tìrẹ tí ò tíì fara kan omi látìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní òun ṣì máa ṣe tòun, òun á fi ọ̀rá nìkan wé e, kò sí aṣọ. Mo ní ó yá, kó jẹ́ kí tirẹ̀ kú fún promaja. A jọ rẹ́rìn-ín. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Òjò wá rọ̀, ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n san owó fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oòrùn yọ, oòrùn oṣù Kẹwàá tó máa ń tan àwọn oyin jẹ tí wọ́n á tún jáde. Mo rí i pé ológbò mi kò wá sídìí ilẹ̀kùn mọ́ láàárọ̀. Iwájú ọmọ tuntun mi ló jókòó sí, ó ń tẹjú mọ́ ọn bí olè. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ara fu mí. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé okùn.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi. Omi ń kán lára ọ̀rá náà láti inú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Aṣọ ìbora ti bu, dúdú lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì. Nísàlẹ̀, níbi tó gbẹ díẹ̀, eku ti já òwú inú aṣọ náà sí wẹ́wẹ́, ó ti fi ṣe ilé, ó sì ti ń jẹ rọ́bà tó wé páìpù mọ́ra. Eku ta jáde, ológbò fò tẹ̀ lé e, wọ́n ré kọjá ẹsẹ̀ mi, mi ò mọ èwo nínú wọn ló yára jù.

Mo dojú korobá dé, mo jókòó lé e. Ojú tì mí. Kì í ṣe níwájú Spasoje, nítorí kò sí nílé. Ojú Radivoj ló ń tì mí, bí ẹni pé ó wà ní fèrèsé tó ń wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rò ó pé bóyá òótọ́ ni Bogdan ń sọ, bóyá yàrá bí àpótí bàtà yẹn ló kàn. Mo ro aṣọ tí mo máa kó. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní parọ́.

Lẹ́yìn náà, ebi pa mí. Mo gun àjà lọ mú àlùbọ́sà tí màá fi se oúnjẹ. Àlùbọ́sà mi, mo máa ń dì í ní ìdì gígùn, màá so ó kọ́ sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń gba ihò kan wọlé, tó ń gba ìkejì jáde. Bí mo ṣe dé òkè, òórùn kan náà tún kí mi. Mo wò yíká. Ní igun kan, mo rí àpò ọ̀rá kan tí Sanda fi ra àlùbọ́sà wá nínú oṣù Kẹjọ, tí mo gbé síbẹ̀ tí mo sì gbàgbé. Ó ti di omi. Mo na ọwọ́ kan tèmi tí mo so kọ́. Ó gbẹ, ó le, èèpo rẹ̀ ń dún.

Mo dúró sójú kan náà pẹ̀lú àlùbọ́sà lọ́wọ́. Mo ti ń ṣe èyí látìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge, mo mọ̀ pé àlùbọ́sà tí kò bá rí atẹ́gùn, jíjẹrà ló ń jẹrà. Promaja tó ń pa wá ló ń tọ́jú àlùbọ́sà. Irin tí mo fọ̀ tí mo sì fi ọ̀rá dì nígbà tó ṣì tutù, kí ni mo fẹ́ kó ṣe? Ọmọ kọ́ ni mo ní lẹ́yìn ilé. Àlùbọ́sà ni. Mo sọ ọ́ sókè, èmi nìkan nínú àjà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ pa iná rẹ̀ níbi tí iná ti ń wọlé, mo fi bébà kékeré lẹ̀ ẹ́ kí n má bàa ṣèèṣì tàn án. Mo yọ ewé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tí mo fi ń gbọn aṣọ òtútù nu àwọn irin tín-ín-rín náà láti òkè wá sísàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí wọ́n rọ̀, wọ́n á tẹ̀ bí èèyàn bá fagbára ṣe é. Mo fi omi díẹ̀ ṣàn án, mo sì fi í sílẹ̀ nínú oòrùn títí tó fi gbẹ pátápátá. Mo ra rọ́bà tuntun wé páìpù níbi tí eku ti jẹ. Mo gé àwọn ẹ̀ka àjàrà tó wà lórí rẹ̀ kí ewé má tún rí ọ̀nà. Mo fi àwọ̀n irin dí ìsàlẹ̀, ihò rẹ̀ kéré sí orí eku, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gbà á kọjá.

Orí nìkan ni mo bò. Mo wá pákó kan tó fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, mo jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí yìnyín lè máa yọ̀ lọ sílẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ láìbò. Ó ku okùn. Ohun tí ẹni tí kò gbé Vršac rí kò mọ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ kan wà ní ọ̀dọ̀ wa tó ń jẹ́ Košava. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ewé ń rẹ̀ títí wọ òtútù, ó lè fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan láìsinmi, ó ń ṣí òrùlé, ó ń gba fìlà, ó ń mú àwọn tọkọtaya jà. Pákó tí wọ́n bá kàn gbé lé nǹkan lórí, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Novi Sad. Ṣùgbọ́n èmi, nígbà tí mo wà ní ọmọge, orí òkè yẹn ni mo ti ń so àjàrà mọ́ òpó. Kókó okùn tí èèyàn bá so tí kò fún níbẹ̀, ọ̀gá á fi han gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ kejì, àjàrà á ti wó lulẹ̀. Wọn ò fi tèmi hàn rí. Kókó okùn kan wà tó jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fà á ló ń le sí i. Òun ni mo so, láti abẹ́ búlọ́ọ̀kù wá sórí pákó, lọ́tùn-ún àti lósì.

Kó tó di ọjọ́ Dimitri Mímọ́, Košava dé. Gbogbo òru ni fèrèsé ń gbọ̀n. Láàárọ̀, mo gbọ́ nǹkan tó ń lu gbàgàgbàgà lágbàálá. Mo sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà. Pákó mi wà níbi tó wà. Ohun tó ń pariwo ni ọ̀rá éésì Spasoje, ó ti fò kọjá ọgbà, ó há sórí àjàrà mi, ó ń jó bí ìyàwó tuntun.

Spasoje dé pẹ̀lú irun tó dúró ṣánṣán. "Ṣé o rí ọ̀rá mi?"

"Mo rí i. Ó wá kí ọmọ."

"Milunka, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, fún mi ní ọ̀rá mi."

"Mi ò fún ẹ. Wọlé wá mu kọfí, lẹ́yìn náà lọ wá pákó. Màá bá ẹ so ó."

Ó wo pákó mi. Ó tì í. Ó tún tì í. Kò sọ nǹkan kan, fún Spasoje ìyẹn jẹ́ ìyìn ńlá. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo bá a fọ tirẹ̀, mo bá a so ó, ó ń gbé okùn lé mi lọ́wọ́ bí ẹni tí mo gbà síṣẹ́.

Lọ́jọ́ ọdún, Bogdan nìkan ló dé, àwọn ọmọ ní ikọ́, Sanda sì dúró tì wọ́n. Ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta bó ṣe yẹ. Mo rí báàgì ńlá kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì sọ ohun tó wà fún. Mo mọ̀ pé ẹrù mi ló fẹ́ fi kó, ṣùgbọ́n mo tan àbẹ́là, a gé búrẹ́dì ẹni mímọ́, mo bu àlìkámà sísè fún gbogbo ẹni tó wọlé, mo gbé sarma, ẹran lílọ̀ tí a fi ewé kábéèjì wé, kalẹ̀. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n mu ọtí rakija, wọ́n sọ̀rọ̀ Radivoj dáadáa. Spasoje wo báàgì náà, ó ní, "Bogdan, ṣé ajvar lo fẹ́ fi ìyẹn kó?" Bogdan kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn àlejò dínkù, tí oòrùn ń lọ, ó dìde. "Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ilé."

Mo tẹ̀ lé e. Spasoje náà tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ife lọ́wọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Košava ṣì ń fẹ́. Bogdan dúró níwájú éésì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka kan àwọn irin tín-ín-rín náà.

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Èmi ni."

"Màmá, ẹ má bínú, ta ló bá yín ṣe é?"

"Bogdan, mo ní èmi ni."

Ó yíjú sí Spasoje. "Bàbá Spasoje, ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi kẹ̀?" Spasoje mu díẹ̀ nínú ọtí rẹ̀. "Tèmi gan-an, ìyá ẹ ló bá mi so ó. Lọ wò ó. Ojú ò tì mí."

Bogdan gbá pákó náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbogbo ara fà á. Kò mì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kí ló dé tí ẹ ò fi ọ̀rá wé e?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti aṣọ ìbora, mo sọ ti eku, mo sọ ti àlùbọ́sà, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi dì mọ́ ògiri. Látìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. "Mo ti fi ọ̀rá wé tiwa ní Novi Sad," ó ní. "Mo wé e pinpin."

"Tètè lọ tú u," mo ní.

Ó ń nu ojú rẹ̀ lọ ni ó fi rí igi. Igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lábẹ́ páànù, mo ti là á, mo ti tò ó, èèpo rẹ̀ kọjú sókè, ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan dábùú lé ara wọn bí mo ṣe máa ń ṣe kó má bàa wó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àwọn tó dábùú náà.

"Lọ́dún tó kọjá," ó ní, "nígbà tí mo wá ṣe ọdún, báyìí gan-an ló ṣe tò."

Mo gbọn ewé kan kúrò lórí igi náà.

"Bàbá ò lè gun àtẹ̀gùn iwájú ilé lọ́dún tó kọjá láì dúró mí. Mo rí wọn." Ó wo ọwọ́ mi. "Màmá, ta ló la igi?"

"Bàbá rẹ ni."

"Màmá."

"Mo ní bàbá rẹ ló là á. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tò ó. Wọlé, òtútù ti ń mú."

Spasoje tó mọ gbogbo ẹ̀, tó ti ń rí mi lórí òrùlé láti ọdún pípẹ́, wo inú ife rẹ̀, kò sì la ẹnu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Bogdan ò bá mi jiyàn. Ó wọlé, ó ní òun fẹ́ pe Sanda.

Mo wà ní ibi ìdáná, mò ń gbé sarma kaná, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì. "Rárá, mi ò mú Màmá bọ̀. Rárá, wọn ò kọ̀, èmi ni mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Èmi náà á sùn síbí lálẹ́ yìí, ilé mi náà ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sanda, Màmá ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Igi, òrùlé, gbogbo ẹ̀, láti bí ọdún mélòó kan. Bàbá kàn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni, Màmá á sì dúró tì wọ́n, wọn ò já Bàbá nírọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Mo bi wọ́n lójúkojú báyìí, wọn ò já Bàbá nírọ́."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí bí mo bá gbà pé mo gbọ́, ọ̀rọ̀ Radivoj á di irọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ nínú ilé tí màá sùn sí, orí mi sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti sinmi díẹ̀ kí n tó lè gbé oúnjẹ wọlé fún ọmọ mi.